Tíkẹ́ẹ̀tì €3 tó di €109.80 mọ́ mi lọ́wọ́ ní Róòmù

Ó ti lé ní oṣù kan tí a ti dé, síbẹ̀ bí mo bá rántí €109.80 yẹn, inú mi á tún ru. Mi ò jalè. Mi ò sì fò wọ bọ́ọ̀sì láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo rà á, ó wà lọ́wọ́ mi, mo tiẹ̀ nà án sókè fún ọkùnrin tó wá yẹ̀ ẹ́ wò bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. Ọwọ́ tí mo fi nà án sókè yẹn náà ni mo fi san owó ìtanràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá gbogbo ibi tó yẹ kí àlejò dé ní Róòmù, kó má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́kàn mi.

Físà, bàálù, ilé ìtura, mo fo ìyẹn. Láti pápákọ̀ òfurufú Fiumicino, rélùwéè kan wà tí wọ́n ń pè ní Leonardo Express, €14 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò ní dúró níbì kankan títí tó fi máa já yín sí Termini láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Termini yìí ni gbogbo nǹkan ti ń pàdé: rélùwéè, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, àti àwọn tó ń fojú wọn àpò àlejò. Ẹ fa báàgì yín síwájú.

Lọ́jọ́ kìíní, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi wọ̀ lọ sí Colosseum, ilé eré ìjà ayé àtijọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì náà, €1.50, bébà pélébé kan ni. A ki í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu níwájú géètì, ẹ̀rọ gbé e mì, ó pọ̀ ọ́ jáde lókè, géètì ṣí. Ibùdókọ̀ méjì péré, a ti yọ síwájú ilé ńlá yẹn. Ẹnu mi ò lè pa dé. Ọba Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Titus ọmọ rẹ̀ ló ṣí i lọ́dún 80, ó sì dúró síbẹ̀ títí dòní bí àgbàlagbà tí kò gbọ́ pé wọ́n ti sin gbogbo ẹgbẹ́ òun. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ sì fi rà á, torí wọ́n máa ń wo méjèèjì pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá kọ “Ìyá Bọ̀lá” síbẹ̀ á ṣàlàyé títí ẹnu á fi bó o.

Géètì yẹn ló tàn mí jẹ. Nígbà tó gbé tíkẹ́ẹ̀tì mì tó sì dá a padà, òǹtẹ̀ ló lù ú, ó tẹ ọjọ́ àti aago sí i. Mi ò wo ẹ̀yìn bébà náà rárá. Mo ti gbà pé ẹni tó bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ti sanwó ọkọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ọjọ́ kejì, Vatican ló kàn. Àbúrò mi, tó ti ka gbogbo nǹkan tó wà lórí fóònù kó tó sùn, ní ká wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ojú ọ̀nà A, ká sọ̀ ní Ottaviano, ibùdókọ̀ mẹ́fà sí Termini. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní kí la wá wò lábẹ́ ilẹ̀? Bọ́ọ̀sì 64 ń gba àárín ìlú kọjá lọ sí apá Vatican, ká jókòó létí fèrèsé ká máa wo ìlú. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta tábà, àwọn tó ń gbé pátákó T ńlá kọ́ síta, torí awakọ̀ kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo kó méjèèjì sọ́wọ́ ara mi. Ẹ̀gbọ́n ni mí, àbí?

Ojú ọ̀nà Via Nazionale la ti wọ̀ ọ́, ó sì ti kún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu ilẹ̀kùn àárín la bá wọlé, ibi tó yẹ kó jẹ́ ti ẹni tó ń sọ̀, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn tì wá sí. Fèrèsé wo? Abíyá ọkùnrin gíga kan ni mo wò láti ibẹ̀ títí dé Piazza Venezia. Lókè orí àwọn èèyàn, lápá ẹ̀yìn, mo rí àpótí yẹ́lò kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ òpó. Ọmọbìnrin kan ki bébà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó dún kẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ́.

Àbúrò mi fẹnu sí mi létí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé a gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn.”

Mo ní, “Dákẹ́ jàre. Ṣé a ò sanwó ni?”

“A sanwó, ṣùgbọ́n mo kà á pé…”

“O kà á, o kà á. Ibo lo fẹ́ kí n gbà débẹ̀? Kí n fò gba orí wọn kọjá?”

Ọmọ náà dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, mo ti gbé e mì padà lẹ́ẹ̀mẹwàá láti ìgbà náà.

Ní ibùdókọ̀ Largo di Torre Argentina, ilẹ̀kùn ṣí, èèyàn mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọn ò pariwo. Èyí tó wà níwájú mi na ọwọ́, mo sì nawọ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó yí wọn padà. Ó tún wọn yí padà. Ó ní, “Non è timbrato,” ìyẹn ni pé wọn ò lu òǹtẹ̀ sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo rà á. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó ṣófo lórí bébà náà, ibi tó yẹ kí òǹtẹ̀ wà, ó sì ní ká jọ sọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹsẹ̀-ọ̀nà gba ogójì ìṣẹ́jú nínú ayé mi. Mo kọ́kọ́ ṣàlàyé pé bọ́ọ̀sì kún. Ó mi orí, kì í ṣe pé kò gbà pé ó kún, òun náà ṣáà wà níbẹ̀. Mo ní àlejò ni wá. Ó tún mi orí. Mo ní kó wò ó, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni, a ò tíì fi ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló wá ba tiwa jẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Ó gba páásípọ́ọ̀tù wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ. Ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta, ó gbójú sókè wò mí, ó tún kọ méjì. Ó kọ orúkọ bàbá sí àyè orúkọ ọmọ, ó fà á rẹ́, ó mú fọ́ọ̀mù mìíràn. Ìdí tí mo ṣì fi dúró tì í tí mo ń pe orúkọ ìdílé mi fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń bá ẹni tó fẹ́ nà án wá pàṣán, mi ò lè sọ.

Ìtanràn náà jẹ́ €54.90 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí a bá san án lójú ẹsẹ̀. Bí a bá fi falẹ̀, ó ń lọ sókè sí i. Mo yọ káàdì, PỌS kọ̀ ọ́. Mo tún fi í sí i, ó tún kọ̀. Báńkì mi fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù pé ṣé èmi ni mo fẹ́ náwó ní Ítálì. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà kẹta ló tó gbà á. €109.80. Ó já ìwé ẹ̀rí fún mi, ó kí mi pé kí n gbádùn ọjọ́ mi. Ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ìyẹn ló tún dùn mí jù.

Ẹ wá gbọ́ o. Àbúrò mi ń wo fóònù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ibi tí a dúró sí?” Ihò ńlá kan wà níwájú wa tí wọ́n fi irin yí ká, òpó òkúta tó ti kán dúró nínú rẹ̀, ológbò sì ń sùn káàkiri lórí wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gún Julius Caesar, olórí Róòmù láyé àtijọ́, pa ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Mo wo òkúta, mo wo ìwé ẹ̀rí ọwọ́ mi. A jọ wà níbẹ̀ ni, èmi àti Caesar.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni mo tó lóye ìdí rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì €1.50 yẹn, ìṣẹ́jú 100 ló ní, ìgbà tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ sí i ni ìṣẹ́jú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Èyí tí a kò lu òǹtẹ̀ sí, ẹni tó ni ín lè fi wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kó fi wọ̀ ọ́ lálẹ́, kó fi wọ̀ ọ́ lọ́túnla, yóò ṣì máa jẹ́ tuntun. Kí n tún wá máa fi ẹnu ara mi sọ fún ọkùnrin náà pé tuntun ni!

Ohun tó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí nìyí: mo dàgbà sínú dáńfó. Bí a bá jókòó lẹ́yìn, tí kọ̀ǹdọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ta ló ń dìde? Ẹ bá mi fún un níwájú. Owó á ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, ṣéńjì á gba ọ̀nà kan náà padà, kò ní dín kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ tí a fi padà wọ bọ́ọ̀sì kan náà, mo rí ìyá àgbà kan tó na tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí ẹni iwájú rẹ̀, ẹni yẹn nà án sí ẹlòmíràn, ó dé ẹnu àpótí, kẹ̀rẹ̀rẹ̀, ó padà wálé. Ìyá náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ohun tí ọmọ ọdún méje mọ̀ níbi tí mo ti wá, àárín Róòmù ni mo ti gbàgbé rẹ̀.

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù ọjọ́ yẹn, ìyẹn ló sì dára jù nínú gbogbo ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Àárín ìlú Róòmù kò jìnnà síra wọn rárá. Láti ibi àwọn ológbò yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi dé Pantheon, tẹ́ńpìlì ayé àtijọ́ kan. Wọ́n gba €5 níbẹ̀ nígbà tí a lọ, mo sì san án láìkùn. Ayé Ọba Hadrian ni wọ́n kọ́ ọ, ní nǹkan bí ọdún 1,900 sẹ́yìn. Òrùlé rẹ̀ kọnkéré ni, kò sí irin kankan nínú rẹ̀, ihò róbótó kan sì wà láàárín òkè tí wọn kò bò. Mo bi ara mi pé òjò ńkọ́? Mo tẹ̀ wolẹ̀, mo sì rí i: ilẹ̀ náà rọra da gẹ̀rẹ́, wọ́n gbẹ́ àwọn ihò kéékèèké sára òkúta rẹ̀ tí omi ń bá lọ. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Àwọn tó ń ya fọ́tò òkè kò wo ilẹ̀.

Omi mímu náà, ẹ má rà á. Ẹ̀rọ omi onírin wà káàkiri ojú títì, wọ́n lé ní 2,000. Nasone lorúkọ rẹ̀, ìyẹn imú ńlá, torí bí ẹnu rẹ̀ ṣe tẹ̀ wálẹ̀. Omi rẹ̀ ń ṣàn tọ̀sán-tòru, ó tutù, ó dára. Ihò tín-ín-rín kan wà lórí imú náà. Tí ẹ bá fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi á tú gba ihò yẹn sókè, ẹ ó sì mu ún láìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tú sí mi lójú. Nígbà kejì mo ti di ọmọ ìlú, mo tiẹ̀ kọ́ tọkọtaya kan tó dúró tì í tí wọ́n ń wò ó.

Ní orísun Trevi, àbúrò mi fẹ́ ju owó sínú omi bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Mo ní kó fi í sápò, pé a ti ju ti wa tẹ́lẹ̀. Ní àtẹ̀gùn Spagna, ẹsẹ̀ ń ro mí, òkúta ojú títì ìlú yẹn kò ṣojúure sí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ jókòó, àbúrò mi fa aṣọ mi. Wọ́n ti fòfin de jíjókòó síbẹ̀ láti ọdún 2019, ìtanràn sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo dúró bí òpó.

Vatican ńkọ́? A dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni, Ottaviano, bí ọmọ náà ṣe wí. Wíwọ ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro, ọ̀fẹ́ ni, ìlà àyẹ̀wò ló gùn. Kí èjìká àti orúnkún wà lábẹ́ aṣọ.

Bí mo bá tún lọ, káàdì báńkì ni màá máa nà sí ẹ̀rọ, torí ó ń gbà á nínú bọ́ọ̀sì àti lẹ́nu géètì, kò sì sí òǹtẹ̀ nínú tìyẹn. Kí oníkálukú na tirẹ̀, ẹnìkan káàdì kan. Màá kọ́kọ́ sọ fún báńkì pé mò ń lọ. Bí bébà bá sì di dandan, ẹnu ọ̀nà tó bá súnmọ́ àpótí ni màá gbà wọlé, bí mo bá tilẹ̀ máa jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, a wọ 64 padà sí Termini. Lẹ́yìn ìyá àgbà yẹn, èrò sọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí àyè fi ṣí. Mo ti lu òǹtẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ó hàn ketekete. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹ́lò yẹn, mo kọ ẹ̀yìn bébà sí ìta kí ẹni tó bá wọlé lè rí i kíá. A dé Largo Argentina, ilẹ̀kùn ṣí, mo na ọrùn. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ló wọlé. A dé Piazza Venezia, mo tún na ọrùn. Títí a fi dé Termini, ẹnì kankan ò wá bi mí léèrè.