Bí agolo mílíìkì méjì ṣe bá mi dáhùn ìbéèrè nípa igbó ìkùukùu

Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì SS 2 ní Jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo, a sì dé orí ẹ̀kọ́ nípa àwọn igbó orí òkè tí ìkùukùu máa ń bò mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọdún. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé ní ilẹ̀ olóoru, irú igbó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 1,200 sí 2,500 mítà lókè ìtẹ́jú òkun, pé igi ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, àti pé ewéko múlọ́múlọ́, irú èyí tó máa ń hù lára ògiri wa lásìkò òjò, ló máa ń bo ẹ̀ka wọn, pẹ̀lú àwọn ewéko mìíràn tó ń gbé orí igi bí àfòmọ́ ṣùgbọ́n tí kì í mu oje igi náà. Mo mẹ́nu ba Monteverde, àgbègbè òkè kan ní Costa Rica ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó láti 1972, mo sì sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé ju àgbègbè òkè yẹn lọ, pé 1989 ni wọ́n rí i kẹ́yìn, àti pé ìkùukùu orí òkè náà ti ń ṣọ̀wọ́n sí i. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé nawọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gé igi orí òkè yẹn, ta ló wá lé ìkùukùu kúrò níbẹ̀?"

Mo lè fi ẹnu dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lè lé e kúrò láìfọwọ́ kan igi kan ṣoṣo lórí òkè. Ṣùgbọ́n mo wo ojú wọn, mo sì rí i pé bí àlọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò rí létí wọn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, kí n wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fojú ara wọn rí i. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, torí pé olùkọ́ èyíkéyìí lè ṣe irú rẹ̀ láìná owó púpọ̀.

Ohun tí gbogbo rẹ̀ dúró lé kò le. Atẹ́gùn ló ń ti afẹ́fẹ́ tó gbé omi lọ́wọ́ gun òkè. Bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń gòkè ni ó ń tutù, títí yóò fi tutù dé ibi tí kò ti lè gbé omi rẹ̀ mọ́, omi náà á wá di ẹ̀kán tíntìntín tí a ń pè ní ìkùukùu. Ẹni tó bá ti gbé ife omi tútù sórí tábìlì rí ti mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé ara ife náà á làágùn. Bí a bá mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó nílẹ̀, tí a sì mọ ìwọ̀n òtútù tí ìrì yóò fi sẹ̀ láti inú rẹ̀, a ó yọ èkejì kúrò nínú èkínní, a ó sì ka nǹkan bí 125 mítà fún dígírì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ́kù. Iye tí a bá rí ni ibi gíga tí ìkùukùu yóò ti bẹ̀rẹ̀ lókè orí wa.

Agolo mílíìkì òfìfo méjì ni mo lò. Omi ni a ó rọ sínú wọn, a ó fi yìnyín mú un tutù, ohun tí tẹmómítà bá sì kà nígbà tí ìrì bá yọ lára agolo ni ìwọ̀n òtútù tí à ń wá. Mo ya bébà ara wọn kúrò, mo sì fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń dán bí dígí, nítorí pé lára ohun tó ń dán ni ojú ti ń tètè rí ìrì nígbà tó bá kọ́kọ́ bà lé e. Mo yá tẹmómítà mẹ́rin ní yàrá sáyẹ́ǹsì wa, mo ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì wé e sínú àpò ìrẹsì kí ó má baà yọ́ tán kí a tó débi iṣẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, kò bọ́ sí i. Yìnyín tí mo dà sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pọ̀ jù, ẹnu tẹmómítà sì lẹ̀ mọ́ ọn, débi pé 15 ni ó kà nígbà tí ìrì sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara agolo fúnra rẹ̀ kò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì tún tẹ orí mọ́ agolo náà láti wò ó dáadáa, èémí ẹnu wọn ló sì bo ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a fọ́ yìnyín sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀pà, a ń jù ú sínú omi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rò ó láìdúró, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ agolo ju apá kan lọ. A ó kọ ohun tí tẹmómítà bá kà sílẹ̀ nígbà tí ìrì bá yọ, a ó fi omi náà sílẹ̀ kí ó padà gbóná díẹ̀díẹ̀, a ó tún kọ ohun tó bá kà nígbà tí ìrì bá gbẹ. Iye tó bọ́ sí àárín méjèèjì gan-an ni a gbà.

Ibi méjì ni mo yàn. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀bá Igbó Òṣun, lábẹ́ àwọn igi ńlá tó na ẹ̀ka síta sójú ọ̀nà. Igbó yìí, tí kò ju nǹkan bí 75 hẹ́kítà lọ, tí UNESCO sì kọ mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2005, ni ibi tó súnmọ́ wa jù lọ tí igi rẹ̀ ṣì ṣú biribiri. Èkejì ni pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wa, tí koríko rẹ̀ ti tán, tó sì ku yẹ̀pẹ̀ pupa nìkan. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní Físíìsì dúró ti àwọn tó wà lórí pápá, èmi sì kó ìdajì yòókù lọ sí ẹ̀bá igbó, kí a lè wọ̀n ọ́n ní aago kan ọ̀sán kan náà. Bàbá àgbà kan tó ń kọjá lọ dúró, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ ń sè nínú agolo yìí?" Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ káàsán sà. Omi inú afẹ́fẹ́ ni à ń wá, Bàbá." Ìgbà yẹn gan-an ni ara agolo ṣú, bí ìgbà tí èèyàn bá mí sí dígí. Bàbá fi ìka kan fà á, ìlà dídán kan sì yọ láàárín ìrì náà, ó wo omi tó wà lórí ìka rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò sì da omi sí i lára." Kò kúrò lọ́dọ̀ wa títí a fi parí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a ṣe é, òjò sì ba ọ̀kan jẹ́. Ní ọjọ́ tó dára jù, afẹ́fẹ́ ẹ̀bá igbó jẹ́ dígírì 27, ìrì sì sẹ̀ ní 23; ti orí pápá jẹ́ 32, ìrì sì sẹ̀ ní 22. Dígírì mẹ́rin ló wà láàárín ti àkọ́kọ́, ó jẹ́ 500 mítà. Mẹ́wàá ló wà láàárín ti èkejì, ó jẹ́ 1,250 mítà. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má ṣe sọ pé ìkùukùu Òṣogbo fi 750 mítà yàtọ̀ láti ojúlé dé ojúlé, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìlú kan máa ń dà pọ̀ kó tó gòkè. Ọ̀nà tí ìyípadà náà dorí kọ ni ìwọ̀n wa fi hàn, ìyẹn pé níbi tí kò sí igi, ìkùukùu á bẹ̀rẹ̀ lókè sí i, kì í ṣe bí ó ṣe pọ̀ tó. Lójú tèmi, ìyẹn náà tó.

Ìdí rẹ̀ ni pé igi ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó sì ń tú u sínú afẹ́fẹ́ láti ara ewé, iṣẹ́ yìí sì ń jẹ púpọ̀ nínú ooru oòrùn. Bí a bá gé igi náà kúrò, ooru kan náà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó gbóná mọ́ ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dín kù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn Costa Rica, níbi tí wọ́n ti gé igbó fún ìjẹko màlúù àti oko. Atẹ́gùn tó ń ti Òkun Caribbean wá gbọ́dọ̀ kọjá lórí ilẹ̀ yẹn kí ó tó gun òkè Monteverde. Ní 2001, àwọn onímọ̀ tó yẹ àwòrán sátẹ́láìtì wò fi hàn pé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ìkùukùu ṣọ̀wọ́n lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ ní Costa Rica, ó sì pọ̀ lórí igbó Nicaragua tó wà ní ìkọjá ààlà. Ọgbà tí a ṣe yí igbó orí òkè ká kò lè dí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́nà.

Ooru tó ń pọ̀ sí i ní gbogbo ayé ń ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Nǹkan bí dígírì 6.5 ni afẹ́fẹ́ fi ń tutù sí i fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn, nítorí náà bí ayé bá fi dígírì kan ṣoṣo gbóná sí i, ohun ẹlẹ́mìí tó fẹ́ òtútù àtijọ́ gbọ́dọ̀ gòkè tó 150 mítà kí ó tó rí i. Òkè sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lókè ni, ó sì níbi tó parí sí. Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ wúrà, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò: àwọn kan tọ́ka sí ooru ayé, àwọn kan sí ọ̀dá tí El Niño, ìyẹn gbígbóná ojú Òkun Pacific tó máa ń wáyé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, fà, àwọn mìíràn sì tọ́ka sí àrùn olú tó ń pa ọ̀pọ̀lọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó fún wọn, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n rò pé ìdí kan ṣoṣo ló máa ń wà.

Ọmọ kan béèrè bóyá irú òkè bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ wa. Ó wà ní Táràbà. Gangirwal, tó ga jù ní Nàìjíríà, ga tó 2,419 mítà, igbó Ngel Nyaki sì wà lórí òkè pẹrẹsẹ Mambilla, níbi tí iná ọdọọdún àti ìjẹko màlúù ti sọ ilẹ̀ tó yí i ká di pápá koríko. Ní ìkọjá ààlà, ní igbó Kilum-Ijim ní Kamẹrúùnù, ẹyẹ Bannerman's turaco, ìbátan agbe àti àlùkò tiwa, ń gbé nínú irú igbó yìí, kò sì sí lórílẹ̀-èdè mìíràn.

Ó ku ohun kan tí agolo kò lè fi hàn, ìyẹn bí igi fúnra rẹ̀ ṣe ń mú omi inú ìkùukùu sọ̀kalẹ̀. Omi irú èyí wà lára ohun tó ń bọ́ àwọn odò inú igbó La Tigra ní Honduras, tí àwọn ará Tegucigalpa, olú ìlú wọn, ń mu. Mo dúró de òwúrọ̀ tí kùrukùru bá ṣú láìsí òjò. Àkọ́kọ́ tó ṣú jẹ́ ti ọyẹ́, eruku nìkan ni a sì bá nínú àwọn abọ́. Ní ọjọ́ kejì tí mo rí, kùrukùru omi ni. Mo ti gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀ láti alẹ́: ọ̀kan lábẹ́ igi máńgòrò iwájú kíláàsì, ọ̀kan ní ìta gbangba, ọ̀kan lórí kùkùté máńgòrò kejì tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ kíláàsì tuntun. Ní aago méje òwúrọ̀, a fi sírínjì fa omi inú wọn. Abọ́ abẹ́ igi kún sírínjì 20 milílítà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ti ìta gbangba kò dé ìlà 5. Ti orí kùkùté náà kò dé ìlà 5.