Omi tó kù nísàlẹ̀ táǹkì

Iṣẹ́ púlọ́ḿbà ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Màmá kan ránṣẹ́ pè mí nígbà kan pé omi ilé òun tún ti ń rùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìjẹta ni mo ṣí gbogbo ẹ̀rọ sílẹ̀ títí omi fi dá. Kí ló tún kù?" Mo gun àkàbà, mo ṣí ìdérí táǹkì. Omi tó kù níbẹ̀ ga tó ìka mẹ́rin, ẹrẹ̀ pupa sì tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bí ògì ṣe máa ń wà lábẹ́ omídùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọn kì í lu ihò páìpù tó ń gbé omi jáde mọ́ ìdí táǹkì gan-an. Wọ́n máa ń gbé e sókè díẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà bá omi wọlé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ dá, táǹkì ò tíì gbẹ.

Ẹ má ṣe iṣẹ́ dída omi táǹkì nù àti fífọ̀ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abẹ́ òkè Olósùnta la wà níbí, kànga mìíràn kì í jìn kó tó kan àpáta. Bí ẹ bá da omi nù lóṣù kejì, níbo lẹ ó ti rí òmíràn? Oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni mo fẹ́ràn. Oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ ṣọ́ra fún ìjì. Omi inú táǹkì 1,000 lítà tó kún wúwo tó 1,000 kílò, ṣùgbọ́n bó bá ṣófo, ike lásán ni. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo mọ́jú lóṣù kẹta; inú oko ẹ̀gẹ́ la ti lọ gbé e, ó ti fọ́. Èmi ni mo ra òmíràn fún onílé.

Ẹ má fa omi sínú táǹkì fún ọjọ́ méjì ṣáájú. Ẹ lo èyí tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì pọn ìyókù sínú dúrọ́ọ̀mù fún aṣọ fífọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ pa iná ẹ̀rọ tó ń fa omi àti ti èyí tó ń mú omi gbóná. Irin inú rẹ̀ máa ń jó bí kò bá sí omi.

Ẹ wá mú rọ́bà gígùn, ẹ rọ omi kún inú rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹ ti ẹnu kan bọ ìsàlẹ̀ táǹkì, kí ẹnì kejì gbé èkejì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ tó ṣí i. Omi yóò máa wá fúnra rẹ̀. Ẹ máa fi ẹnu rọ́bà gbá ìsàlẹ̀ táǹkì kiri bí ẹni ń gbálẹ̀, kó lè fa ẹrẹ̀ náà. Èyí tí rọ́bà ò bá lè fà, ẹ fi fóòmù nù ún.

Búrọ́ọ̀ṣì tó ní igi gígùn àti ọṣẹ díẹ̀ ni ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi irin ha á: ojú ibi tó bá ha ni ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé yẹn tún máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ ṣàn án, ẹ tún fi rọ́bà fa omi ọṣẹ náà jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá wọ inú táǹkì láìsí èèyàn nítòsí.

Ẹ fa omi tuntun sí i. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ìgò bílíìṣì, lítà kan àtààbọ̀ tó fún 1,000 lítà. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láé, èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Ẹ ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí òórùn bílíìṣì yóò fi jáde, kí ẹ tì í, kó di ọjọ́ kejì. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọdé kí wọ́n má mu ún. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tú u dànù bíi ti àkọ́kọ́, títí kan ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá tún fa omi sí i, ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà tòkè. Bó bá ń tutọ́, atẹ́gùn ló wà nínú páìpù, ẹ jẹ́ kó máa ṣàn. Ìgbà tí omi bá ń jáde geere lẹ́nu ẹ̀rọ omi gbígbóná, tí kò sì rùn mọ́, ni kí ẹ tó tan iná rẹ̀ padà.