Bí a ṣe ń yẹ dọ́là fàdákà Morgan wò ká tó sanwó

Ẹ má fọ̀ ọ́ o! Èmi ti fọ̀ ọ́ rí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ti dúdú létí, ni mo bá fi ọṣẹ ìfọyín ha á títí ó fi ń dán wàá bí abọ́ tuntun, inú mi ń dùn, àfìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa rà á tó ní mo ti ha ojú ẹ̀ bà jẹ́, owó fàdákà inú ẹ̀ nìkan lòun lè san.

Morgan ni kọ́ìnì dọ́là onífàdákà tí Amẹ́ríkà rọ láti 1878 sí 1904, wọ́n tún wá rọ ọ́ ní 1921; àwọn àtijọ́ yìí ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní 2021. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí sikéèlì. Tuntun ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 26.73, èyí tó ti gbó lè fi díẹ̀ dín, àmọ́ tí sikéèlì bá ń pe 23 tàbí 24, ẹ rọra dá a padà fún oní-nǹkan. Ẹ fi òòfà kàn án náà, fàdákà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà (pé kò lẹ̀ mọ́ ọn ò wá ní kó má jẹ́ ayédèrú o).

Lẹ́yìn náà ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wo ìsàlẹ̀, lábẹ́ ewé tó pagbo yí ẹyẹ idì ká, lókè D àti O tó wà nínú DOLLAR. Lẹ́tà kékeré ibẹ̀ ló ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́: CC ni Carson City, S ni San Francisco, O ni New Orleans, D ni Denver ní 1921 nìkan, tí ò bá sí lẹ́tà, Philadelphia ni. Lẹ́tà yẹn pẹ̀lú ọdún ló ń gbówó. 1893 tó ní S, 100,000 péré ni wọ́n rọ, 1921 tí ò ní lẹ́tà lé ní mílíọ̀nù 44, torí náà kẹ́nì kan má fi "ó ti pẹ́ gan-an" gbowó lọ́wọ́ yín. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń lẹ S mọ́ 1893 ti Philadelphia, ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo ìdí lẹ́tà yẹn dáadáa.

Ó wá ku gíréèdì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí kọ́ìnì ṣe gbó tó, láti 1 dé 70. Ẹ di etí kọ́ìnì mú, ẹ tan gílóòbù kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Irun obìnrin tó wà lójú iwájú kọ́ìnì, lókè etí obìnrin náà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ló máa ń tètè pá, àti àyà ẹyẹ idì. Tí irun yẹn bá ti pá díẹ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ ṣì ń rí i fọ́nrán-fọ́nrán, ó wà ní nǹkan bíi 40. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti jìnnà sísàlẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọn ò ná rárá ló ń bẹ̀rẹ̀ láti 60, ìmọ́lẹ̀ á máa yí po lójú ẹ̀ bíi táyà kẹ̀kẹ́, èyí tí mo fọ̀ yẹn, ojú kan ni ìmọ́lẹ̀ dúró sí. Láti 60 lọ sókè, àpá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin náà ni wọ́n ń kà, torí inú àpò ẹlẹ́gbẹ̀rún kan ni wọ́n ń kó wọn sí tí wọ́n ń gbá ara wọn. Ibi tó ń kó ìdààmú báni ni ti New Orleans: wọn kì í sábà tẹ̀ ẹ́ dáadáa níbẹ̀, irun lè tẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́, àmọ́ tí dídán yẹn bá ṣì gba orí irun náà kọjá láì já, a jẹ́ pé kì í ṣe pé ó gbó.

Èyí tó bá wọ́n gan-an, ẹ fi ránṣẹ́ sí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yẹ kọ́ìnì wò, kí wọ́n fún un ní gíréèdì, kí wọ́n sì dè é mọ́nú ike líle. 1921 tó ti gbó ò tó bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n máa gbà á ju kọ́ìnì lọ. Ẹ má sì kó wọn sínú ọ̀rá PVC rírọ̀ yẹn, tó bá pẹ́ ó máa ń yọ nǹkan aláwọ̀ ewé sí wọn lára.