Bí A Ṣe Ń Fi Àdí Mọ Àgbọn Tó Lọ́ràá

Ìgò tó kún kọ́ ni ẹ̀rí pé àgbọn lọ́ràá. Omi lè fara pamọ́ sínú àdí àgbọn, èèrí tí wọn ò fún dáadáa sì lè ba àgbọn gidi lórúkọ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó dára jù láàárín àgbọn Mile 12 àti ti oníbàárà rẹ̀ l'Óyìngbò, àfi kó ṣe méjèèjì bákan náà, lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ mi àgbọn létí. Èyí tó gbó, omi inú rẹ̀ á máa dún. Ẹ fọ́ ọ, ẹ yọ inú rẹ̀, kí ẹ wọn 500g nínú ti oníṣòwò kọ̀ọ̀kan láìsí èèpo. Òṣùwọ̀n kékeré àwọn tó ń ṣe kéèkì ni kí ẹ lò. Kọ́ńgò ò ṣeé gbára lé, torí bí ẹ bá ṣe gé e ni yóò ṣe kún. Ẹ fi omi píọ̀ méjì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ fi aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Asẹ́ tíì ò wúlò níbí.

Èèrí yìí ló ń da ìṣirò rú. Ẹ fi omi píọ̀ kan tún un lọ̀, ẹ tún un fún títí kò fi ní kán mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sá ẹ̀kúnwọ́ kan sóòrùn, kó gbẹ, kí ẹ wá fi í ra bébà. Bí bébà bá tàn bí ìgbà tí wọ́n fi pọ́fpọ́ọ̀fù lé e, ọ̀rá ṣì pọ̀ nínú èèrí. Ọwọ́ yín ni kò tó, kì í ṣe àgbọn.

Ẹ gbé wàrà náà, ìyẹn omi funfun tí ẹ fún jáde lẹ́ẹ̀mejèèjì, sí fíríìjì mọ́jú, ẹ bu ọ̀rá tó dì lókè. Bí kò bá síná, ẹ ra yìnyín.

Ẹ fi iná kékeré sè é nínú ìkòkò tó nípọn. Kì í ṣe ìgbà tí àdí bá yọ lẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o! Ìgbà yẹn, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró títí ariwo yóò fi dákẹ́, tí pàǹtí ìsàlẹ̀ yóò sì pọ́n díẹ̀. Bó bá dúdú, ó ti jóná. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dá a padà síná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n bá dínkù, omi ló ń lọ. Ẹ ṣe é títí kò fi ní dínkù mọ́. Ẹ tún lè gbé díẹ̀ sí fíríìjì nínú ìgò tó mọ́ gaara: àdí á dì, torí kì í pẹ́ dì bí ibi tó wà bá tutù ju 24°C lọ, omi á sì wà nísàlẹ̀ láìdì.

Gíráàmù ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kì í ṣe lítà. Lítà àdí kan ò ju nǹkan bí 920g lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta inú àgbọn tó gbó ni ọ̀rá, nítorí náà 500g kò lè mú ju nǹkan bí 170g wá, ọwọ́ ò sì lè fún gbogbo rẹ̀ jáde. Nílé, 80g sí 120g dára. Ẹni tó bá ní òun rí 200g, omi ló wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ oníṣòwò méjèèjì ò bá ju 5g lọ, ẹ má torí ẹ̀ pààrọ̀ oníbàárà.