Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú àrokò pípa

Nígbà ọjọ́ àṣà nílé ìwé, yálà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ṣàgámù, ẹ ó rí owó ẹyọ tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n á ní àrokò ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi nǹkan ránṣẹ́ dípò ẹnu. Ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Iye owó ẹyọ gan-an ni ọ̀rọ̀. Mẹ́fà ni ẹ̀fà: mo fà ọ́ mọ́ra. Mẹ́jọ ni ẹ̀jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan kún mẹ́fà torí kí okùn lè gùn dáadáa, ọ̀rọ̀ ti bọ́ nìyẹn. Àrokò Ìjẹ̀bú kan wà tí wọ́n tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1887: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ kan, tí ọ̀gágun fi ránṣẹ́ sí ọmọ ọba tó wà lókèèrè. Ẹ̀fà ń fà á mọ́ra. Ìyẹ́ tí a fi ń ro etí ní tirẹ̀ ń wí pé: etí rẹ nìkan ni mo lè dé, máa bọ̀ kí n fojú rí ọ. Ìyẹ́ kan péré o! Ẹni tó bá to mẹ́wàá yí i ká, ariwo ló ń pa. Bí àlejò bá sì wà níbẹ̀, ẹ pe "ẹ̀fà" jáde kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, torí "six" kò fa ẹnikẹ́ni.

Ojú àti ẹ̀yìn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù. Ojú owó ẹyọ ni ibi tó là, tó ní eyín wẹ́wẹ́. Ẹ̀yìn ni ibi tó yọ gẹ̀rẹ̀jẹ̀. Méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Bí ẹ bá kàn ki òwú bọ̀ ọ́, tí ẹ ta kókó sí ìdí nìkan, á máa yí lójú ọ̀nà, ìrẹ́pọ̀ á sì dìjà kó tó délé. Ẹ lu ihò sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ki òwú bọ ihò náà, ẹ fà á yọ lójú, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ta kókó kí ẹ tó fi èkejì sí i. Ẹ gbọ̀n ọ́n wò. Bó bá ṣì ń yí, ẹ tú u.

Ààlè, àmì tí a fi ń kìlọ̀ fún olè, kò ní ẹnì kan pàtó tí à ń fi í ránṣẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá ló ń bá wí. Àkísà pupa, ṣúkù àgbàdo tàbí bàtà tó ti já ti tó. Ẹ má gbé e kọ́ sáàárín oko ẹ̀gẹ́, níbi tí olè ti máa rí i lẹ́yìn tó ti hú u tán. Etí ọ̀nà ni kí ẹ gbé e kọ́ sí.

Lórí ìtàgé, kí ẹni tó gbé àrokò dákẹ́. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni kó tú u, kó ka iye rẹ̀, kó wo ibi tó kọjú sí, kó tó lanu.