Bó bá ku ojú ọ̀run nínú jigsaw, ìrísí ni kí ẹ fi ṣa ègé

Ẹ̀yin tó ń to jigsaw (àwòrán tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tí à ń tò padà) tó ní ègé 1000, bó bá ku ojú ọ̀run tàbí omi tí àwọ̀ rẹ̀ jọra, ẹ má fi àwọ̀ wá ègé mọ́, ìrísí ni kí ẹ lò. Ègé àárín ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ orí tó yọ síta tàbí ihò. Ẹ̀yà mẹ́fà péré ló wà: aláìlórí, olórí kan, olórí méjì tó kọ̀yìn síra, olórí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, olórí mẹ́ta, olórí mẹ́rin. Ẹ kó wọn sórí páálí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àlàfo tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta rẹ̀ ti hàn ni kí ẹ kọ́kọ́ dí, torí ẹ̀yà méjì péré ló lè wọ̀ ọ́. Ègé tó bá le, ẹ má fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ ni, yóò sì ba ìlà tó kàn jẹ́. Ọgbọ́n yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún jigsaw tí wọ́n gé ségesège, torí ègé rẹ̀ kì í ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin gúnmọ́.