Ìwé tí mo fi ń ka bọ́ọ̀lù ọmọ mi

Obì gbànja ni mò ń tà ní Sábó, Ṣágámù. Nídìí obì, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà yóò jẹ gbèsè. N kò mọ̀ pé kíkà yẹn ni yóò bá mi dé ìdí kíríkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 15. Fáàsì bọ́ọ̀là ni: á sáré wá láti òkèèrè, á wá fi gbogbo ara ju bọ́ọ̀lù aláwọ yẹn sí igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó di báàtì mú. Ó wà nínú tíìmù ilé ìwé rẹ̀, ó sì wà ní kílọ́ọ̀bù kan l'Ékòó. Tí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, á wọ mọ́tò láti Ṣágámù dé Bẹ́gà, kó tó tún wọ òmíràn lọ sí TBS (Tafawa Balewa Square), níbi tí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì wà.

Ní oṣù Kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìbàdí mú bó bá ń dìde. Dókítà ní egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ tó ṣì ń dàgbà kò tíì gbó. Bó bá ń ju bọ́ọ̀lù léraléra láìsinmi, egungun náà lè sán. Ó ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó wá bi mí pé mélòó ló ń jù lọ́sẹ̀. Èmi tí mò ń ka obì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, n kò rí èsì kankan fọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìwé, mo ní kó ro ọ̀sẹ̀ tó ṣẹ́yìn fún mi. Bọ́ọ̀lù 6 ló wà nínú ófà kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ófà 8 ní ilé ìwé, Ọjọ́bọ̀, 10, Jímọ̀, 9. Sátidé, 12 ní kílọ́ọ̀bù, Sọ́ńdè, 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ófà 47, bọ́ọ̀lù 282. N kò tíì ka ọ̀kọ̀ tó ń jù fún eré ìdíje ilé ìwé. Tíṣà mọ̀ nípa 27, kóòṣì mọ̀ nípa 20. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń ru méjèèjì.

Mo gbé ìwé náà lọ bá tíṣà eré ìdárayá. Inú rẹ̀ kò dùn. “Màmá, àwa la kọ́ ọ. Ṣé kílọ́ọ̀bù á kàn wá kórè ni?” Mo bẹ̀ ẹ́, nítorí òótọ́ ló sọ. Kóòṣì náà ní ibi tí wọ́n ti ń rí ọmọ fún Nàìjíríà ni kílọ́ọ̀bù, ọmọ mi sì gbà á gbọ́. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún 19 dé Ife Àgbáyé ní South Africa lọ́dún 2020, àti pé àwọn ọmọbìnrin wa na New Zealand ní Malaysia ní oṣù Kìíní 2025, pẹ̀lú ìsáré 2 péré, ìyẹn àmì ayò. Ta ni kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́mọ ẹ̀?

Àwọn méjèèjì kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ rí! Mo pe kóòṣì lórí fóònù níwájú tíṣà, mo sì ka iye náà sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdákẹ́jẹ́ wà. Tíṣà ló kọ́kọ́ ní òun yóò yọ ọ̀kọ̀ kúrò. Mo sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn ti fi òpin sí iye ófà tí ọmọdé lè jù lọ́jọ́ kan, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀. A fẹnu kò sí ófà 20 lọ́sẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Jímọ̀, kò sì sí Èkó ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹni tó bá lò ó ni yóò kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, yóò sì fọwọ́ sí i.

Sátidé kan ṣì forí gbárí: ilé ìwé ní ìdíje ní Ìjẹ̀bú-Òde, kílọ́ọ̀bù náà ní tiwọn. Mo ní kó bá ilé ìwé lọ, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè dípò rẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn bọ́ọ̀là kún kílọ́ọ̀bù. Kóòṣì kò fi í sínú eré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí wọra, ọmọ náà sunkún, ṣùgbọ́n mo tún lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lánàá ó ju ófà 8 ní TBS. Kó tó bọ́ bàtà ló ti ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ mi. Ófà 19 ni gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn méjèèjì.